Ìwọ̀ tí Ọrùn Rẹ̀ Wọ́

Ìyá ìyàwó mi kò jẹun mọ́. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn yìí bá mi, ọmọ mi.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, láyé àwọn ológun, ọdún tí wọ́n ń tò fún epo mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́. Nílé wọn ní Ìfọ́n ni ìyá náà wà. Ibà ti fi í sílẹ̀, àmọ́ kò fún un lẹ́nu rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ, kò gbà. Wọ́n se òkú Èkó fún un, ẹja inú yìnyín yẹn, ó yíjú sí ògiri.

"Èmi ò mọ ibi tí ìyẹn kú sí," ló wí. "Ẹ fún mi ní àrọ̀ odò. Bí kò bá sí, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ìyàwó mi ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, ó ní, "Bàbá wọn, apá ìyá mi ti dà bí igi ìdáná."

Mo ní mo gbọ́. Mo ti pinnu pé àrọ̀ yẹn á dé Ìfọ́n.

Pípinnu kọ́ ni ẹja o. Odò ẹ̀yìn oko mi, níhìn-ín ní Ìlobù, ti gbẹ títí ó fi ku ibú kan lábẹ́ igi. Àrọ̀ wà níbẹ̀, mo ń rí i tó ń yọjú wá mí. Àmọ́ gbòǹgbò kún ibú náà, àwọ̀n ò ṣeé jù síbẹ̀. Omi ò ṣàn, ìgèrè ò lè mú nǹkan. Ìwọ̀ ló kù. Ekòló tá a ó fi sẹ́nu ìwọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ti le bí àpáta. Mo gbẹ́ etí odò, mo gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan.

Àbúrò ìyàwó mi, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Òṣogbo, ló mú rọ́bà wá. Òyìnbó kan tó máa ń bá tún mọ́tò ṣe ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú wọn. Wọ́n ṣe rọ́bà náà bí ekòló tí wọ́n fi ń tan ẹja, ó rọ̀, ó ń mì bí ohun ẹlẹ́mìí. Oríṣi ìwọ̀ mẹ́ta wà pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀kan ní òjé lórí, ó tóbi bí èkùrọ́. Èkejì kúrú, bí èyí tá a mọ̀. Ẹ̀kẹta gùn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, àmọ́ ọrùn rẹ̀ wọ́, ó ṣẹ́ kọ́rọ́, ó tún ṣẹ́ padà, kó tó wá nà lọ.

Ìyàwó mi mú rọ́bà kan, ó gbóòórùn ẹ̀. "Ṣé táyà lẹ fẹ́ fún ẹja jẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja Ìlobù kì í yan oúnjẹ," àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Tiwa ní Ìfọ́n ló lajú."

Mo ní, "Ẹja Ìlobù yẹn náà ni ìyá yín ń retí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá mú àwọn ìwọ̀ ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn. "Ẹ wò ó, àwọn wọ̀nyí ti bàjẹ́ nínú ẹrù." Ó yọ píláyà lápò, ó ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan nígbà tí mọ́tò Òṣogbo fọn fèrè níta. Ó sáré jáde, torí ẹni tí mọ́tò bá fi sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn.

Ilẹ̀ mọ́, mo wà létí ibú. Mo ti fi irú pa rọ́bà lára kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Mo kọ́kọ́ lo èyí tó ní òjé. Ó rì tààrà sínú ewé jíjẹrà, ó há sábẹ́ gbòǹgbò. Mo fà á, okùn já. Mo lo èyí tó kúrú. Rọ́bà ò dúró lára ẹ̀. Bí mo bá ti fà á díẹ̀, orí ẹ̀ á yọ̀, gbogbo ẹ̀ á kó jọ sísàlẹ̀ bí ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já. Ẹnu ìwọ̀ tó sì wà níta ń gbá gbòǹgbò mú. Èyí náà lọ. Mo wá lo àwọn tí àna mi nà. Wọ́n há bákan náà, ibi tó ti nà wọ́n gan-an ni wọ́n ti ń kán.

Mi ò lọ sílé. Mo jókòó sórí òkúta, mo mú ẹyọ kan tí kò nà yẹn lọ́wọ́, mo ń wò ó. Bó bá jẹ́ inú ẹrù ló ti bàjẹ́, ọ̀kan ì bá wọ́ sọ́tùn-ún, òmíràn ì bá wọ́ sísàlẹ̀. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wọ́. Ẹni tó rọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló wá fẹ́ kó mú níbẹ̀?

Mo tẹ́ rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibi tó ṣẹ́ kọ́rọ́ yẹn ò ju orí rọ́bà lọ, kò sì dín. Mo gún ẹnu ìwọ̀ wọ orí rọ́bà, mo yọ ọ́ lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, mo fà á títí orí fi jókòó sínú kọ́rọ́ yẹn. Kò yọ̀ mọ́. Mo yí ìwọ̀ padà kí ẹnu ẹ̀ kọjú síkùn rọ́bà, mo gún un wọbẹ̀, mo jẹ́ kó fara pamọ́ sínú ẹran rọ́bà. Ó nà gbọọrọ. Mo fọwọ́ ra á, kò sóhun tó gún mi.

Mo jù ú sáàárín gbòǹgbò. Mo ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ó gun gbòǹgbò, ó já bọ́ sódìkejì bí alángbá. Kò há.

Ẹja gbé e. Mo fà á jẹ́jẹ́ bí mo ṣe máa ń fa ti ekòló, ó tú u dànù. Ó tún gbé e, ó tún tú u dànù. Mo ní rárá. Inú rọ́bà lẹnu ìwọ̀ wà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la rọ́bà kó tó kan ẹja. Nígbà tó tún gbé e, mo jẹ́ kó lọ díẹ̀, mo wá fi èjìká fà á. Ọparun tí mo so okùn mọ́ tẹ̀ kọdọrọ. Ẹja fẹ́ wọ abẹ́ gbòǹgbò, mi ò gbà fún un. Mo bọ́ sínú omi dé ìbàdí, mo gbá a mọ́ra.

Mo gbé e sínú garawa, mo so ó mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Ìfọ́n. Ìyàwó mi ti ṣáájú lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ta nìyẹn tó ń rùn bí àbàtà?"

"Èmi ni, ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú. Àrọ̀ yín dé. Ó ṣì ń mí."

"Àna mi, gbé e wá kí n rí i."

Ó wo inú garawa. Ẹja na ìrù, omi ta sí i lójú. Kò nù ún. "Ẹ lọ sè é," ló wí. "Kí ata pọ̀."

Ìyàwó mi sè é, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ìyá mu omi ọbẹ̀. Ó tún mu ún. Ó já ẹran ẹja sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá gbójú sókè.

"Ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"Iyọ̀ ò tó. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Ìyàwó mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ wá iyọ̀. Ẹja kan ò lè gbé ẹni tí ebi ti pa tó bẹ́ẹ̀ dìde. Ìwọ̀ náà wà lápò mi, mo ti fi aṣọ wé e. Oòrùn ṣì wà lókè. Mo da omi garawa nù, mo yí kẹ̀kẹ́ padà sọ́nà Ìlobù.