Ọjọ́ Tí Mọ́tò Bàbá Mi Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Jáde Nílé

Láàárọ̀ àná, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ṣe tú kabúrétọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, ó rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù nínú agolo mílíìkì. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, ṣe ni mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń bá mọ́tò yín ronú, ẹ lè má mọ kabúrétọ̀. Ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí ẹ́ńjìnnì tó lè mí.

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣì ń rákòrò, Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, bàbá mi sì ń ka ẹrù ní èbúté Àpápá. Ọ̀gá rẹ̀ kan ní GRA ló fi mọ́tò eré-ìje pupa kan ta á lọ́rẹ nígbà tó ń fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì kúrú débi pé àwọn onítírélà Liverpool Road ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà ló ń wà. Wọn ò mọ̀ pé kó tó dé àdúgbò la ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí a ó sì sáré lọ ṣí géètì. Nígbà tí bàbá mi kú síbi iṣẹ́, píkọ́ọ̀pù ni wọ́n fi gbé e wálé. Mọ́tò náà dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wa, epo inú rẹ̀ sì dì bí oje igi.

Nígbà tí ọdún yípo, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kọ́ yàrá fún àwa ọmọ sí àyè náà. Ènìyàn burúkú kọ́ o. Ó ní àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù yóò wá fi ṣéènì wọ́ mọ́tò náà lọ ní Sátidé. Màmá mi ò jiyàn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé ọkọ mi wọlé yìí. Wọn ò ní wọ́ mọ́tò ẹ̀ jáde. Tó bá máa lọ, á fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ."

Bàbá Múyì, mẹkáníìkì bàbá mi, ló mọ mọ́tò náà, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un, ẹnu náà sì mú. Ó jókòó sórí àga, màmá mi sì di ọwọ́ fún un. Màmá tú kabúrétọ̀, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣan ojú ihò rẹ̀ gbogbo, torí wáyà yóò fẹ ihò náà lójú. Ìdí kabúrétọ̀ náà, irin tó ń jókòó lórí ẹ́ńjìnnì, ló wá kù. Ó ti wọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń jò gba ibẹ̀, àfi ká ha á kó tẹ́jú. Màmá yọ gíláàsì lúfà kan tó tẹ́jú lójú fèrèsé, ó tẹ́ sánpépà lé e, ó ta kẹrosíìnì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìdí irin náà lórí rẹ̀.

Ọwọ́ tó mọ̀ ló lò. Bàbá mi kì í jẹ ata ẹ̀rọ, orí ọlọ ni màmá ti ń lọ ata rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Nítorí náà ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, Bàbá Múyì sì sùn lọ lórí àga. Nígbà tó jí, ó ní kí wọ́n gbé irin náà sórí gíláàsì, kí wọ́n ti bébà sábẹ́ rẹ̀; tó bá ti tẹ́jú, bébà ò ní ráyè wọlé. Bébà wọlé wẹ́rẹ́. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ ti jẹ ju ibi yòókù lọ.

"Ah! Màdáámù, no be pepper o! Ẹ má tì í. Ẹ máa fi kọ eight, eight, báyìí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá."

Màmá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò rí omijé rẹ̀ àfi ìgbà yẹn. "Bàbá Múyì, ọwọ́ tí mo fi ń lọ ata ẹ̀ nìyí," ó ní. "Kò mọ ọ̀nà míì." Ó nu ojú, ó pààrọ̀ sánpépà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni bébà tó kọ̀ tí kò wọlé mọ́.

Ní Sátidé, àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù dé pẹ̀lú ṣéènì. A ti dá kabúrétọ̀ padà sáyè rẹ̀, a sì ti fi epo àti bátìrì tuntun sí mọ́tò. Màmá wọ inú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Ó tún wúkọ́, ó tún kú. Lẹ́yìn náà ó sítáàtì, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá. Mo ti sáré dé ìdí géètì kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí fìlà, ó fi bojú. "Ìyàwó wa, jẹ́ kó dúró."

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ nílò yàrá. Ẹ wọ mọ́tò, ká jọ lọ."

Màmá fúnra rẹ̀ ló wà á dé yáàdì àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ní Creek Road, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn padà. Nígbà tó dé, ó gbé ọlọ tí kò fọwọ́ kàn láti ìgbà ikú bàbá mi, ó lọ ata fún wa.

Ní báyìí, Bàbá Múyì ti ṣaláìsí, àwọn onílé tuntun sì ti gé igi àgbálùmọ̀. Màmá ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n bó bá ń nu tábìlì, eight ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Lánàá, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa sítáàtì, ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ lọ ṣí géètì," ó ní.

Mo dìde, mo lọ ṣí i.