Àǹtí Verlene Tó Ń Ka Ìwé Láti Ẹ̀yìn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó ti Verlene Tolliver ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ètò ìlera, nílé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Iṣẹ́ wa ni pé ká ka ohun tí àwọn ilé ìwádìí bá kọ lórí òfin tó wà nílẹ̀, ká sì rọ ọ́ sí ojú ewé kan fún alága, tí kì í ráyè ka jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé ìwádìí yìí pọ̀ nígboro wa bí ilé ìfowópamọ́. Ilé wọn ń dán, orúkọ wọn dùn, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ti aráàlú làwọn ń ṣe.

Àǹtí Verlene ò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn láti iwájú. Á kọ́kọ́ ṣí ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó fowó sí ìwádìí náà sí ní lẹ́tà tín-ín-tín, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á tún un wọ̀, á wá ní, "Ẹn-ẹ́n. Mo ti gbọ́ yín."

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń pe ìpàdé wọn, oúnjẹ ọ̀fẹ́ sì máa ń wà níbẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin kì í fi sáńwíìṣì ọ̀fẹ́ ṣeré. Àǹtí Verlene á gbé adìẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo tirẹ̀ wá nínú ike, á jókòó sí ìlà iwájú, á sì máa jẹ ẹ́ lójú wọn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni sáńwíìṣì ṣe fún un. Ó ní ẹnu tó bá jẹ dòdò ò lè sọ òdodo. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì mú ẹyọ kan sí i.

Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ láti kékeré ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Pellam, ìlú kékeré kan ní Àríwá Carolina, àwọn ọkùnrin kan wọ kóòtù wá sílé iṣẹ́ tábà tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n gbé ìwé ìwádìí dání pé eruku tábà ò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ikọ́ ló pa bàbá náà. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì tún un sọ mọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé àbá òfin kan wá pé kí ìjọba má fowó ran àwọn wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kéékèèké ìgbèríko lọ́wọ́ mọ́. Pellam ní ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Jonelle, ọmọ àbúrò Àǹtí Verlene, ń gbé, oyún oṣù márùn-ún sì wà níkùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ́ọ̀dù yẹn pa, wákàtí kan àtààbọ̀ ni ọkọ̀ máa rìn kó tó débòmíì.

Ìwé ìwádìí méjì wọlé. Àkọ́kọ́ ní àwọn aláboyún máa ń kú jù ní wọ́ọ̀dù kéékèèké, kí wọ́n tì wọ́n pa. Àǹtí Verlene ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ó sì fi ìka kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì ní níbi tí wọ́n ti ti wọ́ọ̀dù pa, ikú ìyá di ìlọ́po méjì. Èyí, iwájú ló ti ṣí i.

Mo rí i. Ó ń kà á, ó ń mirí. Kó tó di aago mẹ́rin, ó ti kọ ojú ewé tiwa tán, ó sì gbé e fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ti máa ń ṣe fún ara wa.

Èmi wá ṣí ẹ̀yìn ìwé kejì. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí ló sanwó ẹ̀, ìyẹn ò sì ní kó jẹ́ irọ́. Àmọ́ "ìlọ́po méjì" yẹn, mo tọ orísun ẹ̀ lọ. Ìwé kan rán mi sí òmíì, òmíì tún rán mi síwájú, ìgbà tí mo máa dé ìdí ẹ̀, ìwé àtijọ́ tí ilé ìwádìí yẹn kan náà kọ ni mo bá. Ìyá méjì ló kú níbì kan lọ́dún kan, lọ́dún kejì ó di mẹ́rin. Ó parí. Mo wá mú ìwé àkọ́kọ́ tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbímọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni wọ́n kà níbẹ̀, wọ́n sì tú iye wọn sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ tún un kà. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni pé ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti kà. Àwọn tó bímọ sójú ọ̀nà ò sí níbẹ̀ rárá.

Mo sọ fún un. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Thaddeus, ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Àǹtí. Iwájú lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn. Mo rí yín."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ilé tó kọ ti àkọ́kọ́, ṣebí ọ̀dọ̀ wọn lo lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? O rò pé mi ò mọ̀? Ta ní ń de táì tuntun wá síbí lásán?"

Ojú tì mí. Òótọ́ ni. Owó oṣù tí wọ́n dá lábàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi, mi ò sì sọ fún ẹnì kan. Dòní olónìí, mi ò lè búra pé ǹ bá ti ṣí ẹ̀yìn ìwé kejì yẹn ká ní kò sí ti iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Ó gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó sì kà wọ́n láti ẹ̀yìn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ya ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ òmíì: pé iye ti ìwé àkọ́kọ́ jóòótọ́ ṣùgbọ́n kò pé, pé ikú ìyá mẹ́rin ò tó gbé òfin dúró, pé kí wọ́n ka àwọn tó ń bímọ sójú ọ̀nà ná kí wọ́n tó ti ohunkóhun pa. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ilé ìwádìí ń kọ orúkọ olówó wọn sí, ó kọ ọ́ pé ẹni tó kọ ìwé yìí ní ọmọ àbúrò tó lóyún ní Pellam. Ó wá ti bírò sọ́dọ̀ mi.

"Tèmi nìyẹn. Tìrẹ ńkọ́?"

Mo ronú owó ilé mi. Mo mọ̀ pé ilé ìwádìí yẹn máa kà á, torí kò sóhun tí wọn kì í kà nígboro wa. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó yẹ ìwé yìí wò ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé tó kọ ìwádìí àkọ́kọ́.

Alága ní kí wọ́n ṣì má ti àwọn wọ́ọ̀dù náà pa fún ọdún kan, kí wọ́n fi ka ohun tí ẹnì kan ò kà rí. Jonelle bímọ ní Pellam, obìnrin ni. Àǹtí Verlene ò mọ ohun tí iye tuntun yẹn máa sọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á. Ilé ìwádìí náà ò pè mí mọ́.

Ní ìpàdé ọ̀sán àwọn ilé ìwádìí tó tẹ̀lé e, mo jókòó tì í ní ìlà iwájú. Wọ́n gbé sáńwíìṣì dé ọ̀dọ̀ mi. Àǹtí Verlene ń wò mí. Mo ṣí ike tèmi.