Agogo Tí Ìyá Mi Kò Lù

Mo rántí ohùn agogo yẹn ju bí mo ṣe rántí ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Agogo idẹ ni, ó ní ìdìmú igi tí ọwọ́ ti fà dán. Ọwọ́ ìyá mi ló máa ń wà, nítorí òun ni tíṣà tó ń lù ú láràárọ̀ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àgùdà. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé wa àti ilé-ìwé náà, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó ń pẹ́ dé tó mi. Mo lè wà lẹ́nu géètì, kí ẹsẹ̀ mi kan ti wọlé, kí agogo dún. Ìyá mi kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni tó bá dọ̀rọ̀ agogo. Á tò mí mọ́ àwọn tó pẹ́ dé, á ní kí n kúnlẹ̀. Tó bá di alẹ́, á tún fún mi ní ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fìyà jẹ mí láàárọ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí Yaba, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá bí ẹni tó ra títì náà pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń darí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ní Surulere ti rí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹsẹ̀ mi le, ó sì pè mí síbi eré tuntun kan tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Sáíkúlókúrọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é lókè òkun. Kì í ṣe orí títì ni wọ́n ti ń sá a, orí pápá ni: koríko, yanrìn, ẹrẹ̀, àti pákó tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Níbi tí kẹ̀kẹ́ ò bá lè gbà, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, á gbé e kọ́ èjìká, á sáré, á tún fò gùn ún. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn ará Àgùdà fi fún un lórúkọ tiwọn: Gùn-ún-gbé-e.

Pápá ilé-ìwé ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n tọrọ fún eré náà, ó sì tọrọ agogo mọ́ ọn. Ìdí ni pé bí ẹni tó wà níwájú bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyípo tó kẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ lu agogo fún un. Ẹni tí aṣíwájú bá sì ti fi odidi ìyípo kan ṣáájú, wọ́n á ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Ìyá mi gbà, àmọ́ ó ní agogo náà ò ní kúrò lọ́wọ́ òun.

"Agogo ìjọba ni," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n. "Ẹ ṣáà ti sọ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kó dún. Èmi ni màá lù ú."

Lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́, mo rò pé ẹsẹ̀ líle ti tó. Mo kọ̀, n ò sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan. Mo ń sọ nínú ara mi pé kẹ̀kẹ́ ni mo rà, n ò ra ẹrù. Mo forí lé inú yanrìn tààrà. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Nígbà tí mo fi máa gbọn yanrìn kúrò létí, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí gbogbo wa ń pè ní Báńkà, ti yípo pàdé mi, ó sì ti kọjá. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ igi fúrúùtù ni mo jókòó sí nígbà tí ìyá mi lu agogo fún un. Ó wò mí látọ̀ọ́kán. Ìgbà tó ń bu ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "O tún pẹ́."

Eré kejì náà ò yàtọ̀. Bí mo ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká bọ̀ nílé, tí ẹrẹ̀ bò mí dé imú, ìyá mi bi mí lójú gbogbo ará ilé pé, "Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé ọ, ìwọ lo ń gbé e. Ṣé ó rẹ kẹ̀kẹ́ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí, ó sì dùn mí wọnú eegun. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá ń fẹ́ láyé nígbà náà: kí ìyá mi lu agogo yẹn lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí mo ṣì wà lórí pápá. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe sá fún un!

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Àbúrò, yanrìn ò ní bẹ̀ ẹ́ o. Sọ̀ kalẹ̀ kó tó gbé ẹ ṣubú, jàre. Ọ̀nà kan ò wọjà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ sí pápá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀ lórí eré, bí a ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká láìdúró, àti bí a ṣe ń fò gùn ún láìjẹ́ pé ìjókòó rẹ̀ ṣe èèyàn léṣe. Èjìká mi wú, ó sì bó. Nígbà tí ìyá mi rí i, ó gbé òrí jáde, ó ń fi í ra á fún mi jẹ́jẹ́. "Ọmọ tí a gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn," ó ní. "Kẹ̀kẹ́ ẹ ń jayé."

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ eré kẹta. Pápá di àbàtà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le bí tèmi tẹ́lẹ̀ forí lé inú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì di táyà wọn mú. Èmi sọ̀ kalẹ̀ kí n tó débẹ̀, mo gbé ẹrù mi, mo sáré. Mo kọjá ẹni kan, mo kọjá ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn tó rọ̀ mọ́ fẹ́ǹsì ń pariwo, "Gbé e! Gbé e!" Níbi pákó ni mo ti lé Báńkà bá. Ó ń sinmi kó tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo kígbe. Èmi ni mo wà níwájú!

Látìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá níwájú ìyá mi, etí ni mo ń fi wò ó, nítorí ẹrẹ̀ ti dí mi lójú. Mo yípo lẹ́ẹ̀kan, agogo ò dún. Mo tún yípo, kò dún. Mo mọ̀ pé Báńkà ń mí lẹ́yìn mi, mo sì tẹ kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí ajá ń lé. Bí mo ṣe kọjá ojú ìlà lẹ́ẹ̀kan sí i, ariwo ta, mo rí nǹkan funfun kan tó ń fì bí àsíá, àmọ́ n ò gbọ́ agogo. Ta ló máa dúró nígbà tí agogo ò tíì dún? Mo ń bá eré lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọjá inú ẹrẹ̀, mo gbé e kọjá yanrìn, n ò bojú wẹ̀yìn.

Níbi pákó, ẹnì kan dúró sáàárín ọ̀nà. Ìyá mi ni, tòun ti bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹrẹ̀.

"Níbo lò ń lọ? O ti gbégbá orókè tipẹ́! Gbogbo wọn ti dúró!"

"Ẹ ò lu agogo, mà!"

Ó wo agogo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó lù ú, ó ń ki mí, ó ń sunkún, ó tún ń lù ú, títí ẹ̀gbọ́n fi wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ó ti tó, àwọn èèyàn máa rò pé ilé-ìwé ti wọlé." Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n ní kí òun lù ú, òun ti gbé e sókè, àmọ́ bí òun ṣe rí i pé èmi ni mo wà níwájú, ọwọ́ òun ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́.

Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí, agogo náà sì wà nílé-ìwé. Mo ti sá eré mìíràn látìgbà yẹn. Mo borí nínú díẹ̀, wọ́n borí mi nínú púpọ̀. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń pẹ́. Bí n ò bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á pè mí lórí fóònù: "Níbo lo wà? Àbí agogo lò ń dúró dè?" Màá ní, "Ẹ̀yin lẹ ò lù ú, mà," àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé mi, mo dé kí agogo ìyá mi tó dún.