Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Ka Orúkọ Àwọn Tó Tẹ Abúlé Wa Dó

Ọjọ́ tí a jẹ isu tuntun ní èṣí, ní abúlé wa nítòsí Idigny, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé. Kùrukùru ṣì bo oko àgbàdo nígbà tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Nígbà tí iyán délẹ̀, Baálẹ̀ dìde lábẹ́ igi oṣè láti ka orúkọ àwọn tó tẹ abúlé wa dó, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun kí ó tó kà á tán. Ó ka mẹ́ta, ó gbàgbé ìyókù. Bàbá arúgbó tó máa ń rán an létí ti kú.

Ìyá àgbà mi, tí kì í dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, bá lanu, ó ní: "Ẹ ò ní í pe Àbẹ̀ní, tó ru èbù isu wá láti Kétu?"

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ."

Ohùn Ìyá àgbà rọra ń lọ bí ẹni ń lálàá. Ó dà bíi pé mo ń rí àwọn èèyàn náà tí wọ́n ń rìn bọ̀, ẹrù lórí wọn. Bàbá mi ń kọ orúkọ wọn sínú kàyé mi, ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé. Nígbà tí Ìyá àgbà fi kà á tán, iyán ti tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.