Ẹni Tó Ń Buwọ́ Lùwé fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Kíákíá ni gbogbo ilé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ń pe dẹ́rẹ́bà tó ń gbé páálí kiri. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti lé lógójì ọdún. Ilé alájà mẹ́fà mẹ́fà, méjìlá lójúmọ́, ló ń gùn, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè kò sì ṣiṣẹ́ nínú ìdajì wọn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi ẹrù sílẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá fi ìka buwọ́ lù ú lórí fóònù. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè ṣe méjèèjì. Gbogbo wọn a máa gbé páálí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi ìka ara wọn fa ìlà wúruwùru, wọ́n á sì sá lọ.

Àjà kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi wà, àwọn nìkan. Fìlà ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń hun tà, èmi ni mo ń fi fóònù mi bá wọn ra òwú. Ẹsẹ̀ wọn ò dáa. Kíákíá ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ kan tí òun ń kan ilẹ̀kùn kíkan-kíkan, wọ́n pariwo láti inú yàrá:

"Kíákíá, ilé ń jó ni? Buwọ́ lù ú fún mi jàre!"

"Mà, bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ẹ̀yin lẹ máa gbé oúnjẹ wá o."

"Màá gbé e wá. Màá tiẹ̀ rọ ata sí i, kí o lè mọ̀ pé èmi ni."

Láti ọjọ́ náà kò kan ilẹ̀kùn wọn mọ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ń buwọ́ lùwé fún wọn, ìlà kan náà, bí ìrù aláǹgbá. Ìlà náà máa ń wọlé sórí fóònù mi. Èmi rò pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní balùwẹ̀, wọn ò lè dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní Ọjọ́rú mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Ní Ọjọ́bọ̀ mo pè títí. Mo ti kó aṣọ méjì àti kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sínú báàgì nígbà tí fóònù mi dún: òwú ti dé, ẹni tó ni ín ti buwọ́ lù ú. Mo wo ìlà yẹn, mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n lè gba òwú, wọn ò lè gba ìpè mi." Mo tú báàgì. Mo tiẹ̀ bínú sí wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó lọ. Páálí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ti Ọjọ́bọ̀ gun orí ti Ìṣẹ́gun. Dókítà ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀mí bọ́ lára wọn ní balùwẹ̀.

Kí a tó sin wọ́n, ilé iṣẹ́ ti lé Kíákíá. Wọ́n ní ó rú òfin. Lọ́jọ́ kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Mà, èmi ni mo buwọ́ lù ú."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o rí páálí Ìṣẹ́gun níbẹ̀?"

"Mo rí i. Mo ní bóyá wọ́n wá sọ́dọ̀ yín ni."

"O wá kan ilẹ̀kùn?"

"Mi ò kàn án, Mà. Ó ṣì ku ilé mẹ́rin."

Ó wá béèrè ohun tó gbé e wá: "Ṣé wọ́n ti kú nígbà yẹn?"

Ìwé dókítà wà lórí tábìlì níwájú mi, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ì bá lọ sùn.

"Rárá," mo ní. "Wọ́n ṣì wà láàyè."

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ṣé wọ́n á gbọ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀."

Ó lọ láìdágbére. Wọ́n ní ó ń ti kẹ̀kẹ́ ìdọ̀tí nílé ìwòsàn kan báyìí, kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin bá mi wí, ó ní irọ́ kékeré kò ní pa mí. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi, mi ò fẹ́ dá ẹ̀bi náà rù ni.