Ògiri Yàrá Ẹ̀yìn Ilé Valda

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Valda Kerrison fi háyà ilé kan náà ní ìlú Moe, kò sì kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn ilé náà rí. Ilẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Orí àga ni kàlẹ́ńdà ìjọ wa máa ń wà látoṣù kìíní dé òpin ọdún. Bí àlejò bá ní kí òun bá a gbé e kọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní Clarrie ò fẹ́ràn ìṣó. Clarrie ni ọkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. A rò pé ìfẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé opó ló ń pa òfin ọkọ rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Kí n tètè sọ òótọ́ ibẹ̀. Clarrie fúnra rẹ̀ ló kọ́ yàrá náà, lọ́dún kejì tí wọ́n kó débẹ̀, nígbà tí onílé gbà fún un pé kó fẹ ilé lójú. Pátákó simẹ́ńtì pẹlẹbẹ tí wọ́n po asibẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ ló fi kọ́ ọ, èyí tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń ṣe, tí ọ̀gá wọn ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbé lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Clarrie ń fi ayùn gé e lágbàlá, Valda ń gbá eruku rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọdún kẹtàlá lẹ́yìn náà ni eruku yẹn mú kí ẹ̀dọ̀fóró Clarrie gan mọ́ ọn láyà, ó sì kú. Kó tó kú, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òun fọwọ́ ara òun gbé ikú wọlé, tí òun sì kun ún lọ́dà. Ó ní bí ọ̀dà bá wà lórí ògiri náà, tí ẹnikẹ́ni ò lu ihò sí i, á máa sùn. Kí Valda jẹ́ kó máa sùn ni.

Àwa ní ìjọ sọ pé sìgá ló pa Clarrie. Valda ò bá wa jiyàn.

Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni Valda ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò lè kọrin, ṣùgbọ́n òun ló ń to àga ilé ìjọ́sìn wa ní gbogbo àárọ̀ Sunday, ó sì mọ orúnkún ẹni tó ń dùn, ó mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ jókòó níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ọdún méjì méjì ló ń kun yàrá ẹ̀yìn náà, kí òtútù tó dé. Bọ́rọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ló ń lò, jẹ́jẹ́, ọ̀dà tuntun lórí ọ̀dà àtijọ́. Mo bá a níbẹ̀ nígbà kan, mo bi í pé ṣé kò ní kọ́kọ́ fá ti àtijọ́ kúrò ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Lọ gbé omi tíì kaná, Nerida."

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Orúnkún rẹ̀ ti wú, ó sì ti ń húkọ́ láti ìgbà òtútù, ikọ́ kékeré gbígbẹ kan tí kò jẹ́ kó sun dáadáa. Ọdún méjì ti pé tó yẹ kó tún kun ògiri náà, kò sì lè kun ún. Onílé kú, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ta ilé náà. Wọ́n ní kí Valda jáde kí oṣù kẹwàá tó parí. Éjẹ́ńtì wá yẹ ilé wò, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Jarrod. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rinrin ti sọ ògiri yàrá ẹ̀yìn di dúdú, pé ọ̀dà ibẹ̀ ti ń wú, pé kí ayálégbé fọ̀ ọ́ títí ògiri á fi jọ̀lọ̀, kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Mo ní àwa ará ìjọ máa wá bá a ṣe é. Ó ní rárá. Mo tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, ó ní a lè fọ ilé ìdáná, a lè fọ bálùwẹ̀, a lè gé koríko, ṣùgbọ́n ká fi yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ fún òun, òun á fi aṣọ tútù nù ún, òun á sì kun ún. Mo pè é lórí fóònù, ó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Nerida, mo ní kí ẹ fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún mi."

Ẹni tó bá mọ̀ wá níhìn-ín á mọ bó ṣe máa ń rí. Kò sí ọmọ ìlú wa kan tó máa gba ìrànlọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́. Bí o bá gbé ọbẹ̀ lọ fún ẹni tó wà lórí àìsàn, á ní kí o má ṣe wàhálà, òun ti jẹun, ìwọ náà á sì gbé e sórí sítóòfù, ẹ ò ní sọ ọ́ mọ́. "Rárá" wa kì í ṣe rárá. Bí mo ṣe rò nìyẹn. Mo rò pé ìgbéraga arúgbó ni, mo sì rò pé Ọlọ́run fi mí síbẹ̀ láti borí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá ń kó lọ, a máa ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún un. Mo fi ọ̀wẹ̀ ti Valda sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí àbúrò rẹ̀ obìnrin máa gbé e lọ sí ìlú Warragul, kó lọ wo ilé kékeré tó fẹ́ kó lọ sí. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Carys ọmọ mi tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àti Lindsay Toohill tó ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé títí irun orí rẹ̀ fi tán. Lindsay gbé ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń fá ògiri dání. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ láti ìgbà tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní bí òun bá parí, ògiri náà á jọ̀lọ̀ ju ìpàkọ́ òun lọ.

A gbàdúrà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo gbà á. Mo ní kí Olúwa ṣọ́ wa, kí àkàsọ̀ má yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àkàsọ̀ ò sì yọ̀.

Ìgbà ìrúwé ni, afẹ́fẹ́ ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko kiri, ohun tó sì máa ń ba Carys jẹ́ nìyẹn, ojú rẹ̀ á wú, á máa sín. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe ti gbogbo fèrèsé pa. Èmi ni mo tì wọ́n. Lindsay tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀dà kọ́kọ́ bó ní ìpele ìpele, búlúù, yẹ́lò, funfun, gbogbo ọdún tí Valda fi kun ún. Lẹ́yìn náà eruku aláwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó kúnná bí ìyẹ̀fun, kò sì tètè balẹ̀. Ó ń léfòó nínú oòrùn tó gba ojú gíláàsì wọlé. Lindsay rí bí ẹni tó ṣubú sínú àpò fúláwà. Carys ní, "Bọ̀ọ̀dá Lindsay, ẹ ti wá hu irun tuntun." A rẹ́rìn-ín títí. Carys gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eruku tún kún ibẹ̀, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. A jókòó sórí ilẹ̀ yẹn kan náà, a jẹ sọ́séèjì nínú búrẹ́dì, bí a ò ṣe fọwọ́ nìyẹn.

Kò tíì tó aago méjì tí mọ́tò àbúrò Valda fi dé. Inú mi dùn. Mo rò pé á sunkún ayọ̀.

Valda dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, kò sì gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó fa ìborùn rẹ̀ sókè, ó fi bo imú. Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, ó lọ sára fèrèsé, ó wá dúró lára Carys.

Ó ní, "Lindsay, pa á."

"Ó ku díẹ̀, Valda. Ẹ lọ jókòó, ẹ jẹ́ ká—"

"Mo ní pa á."

Lindsay pa á. Carys nawọ́ sí ìgbálẹ̀, ó ní kí òun kúkú gbá eruku yẹn kúrò kí Àǹtí tó wọlé.

"Má gbá a," Valda sọ fún un. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Má gbọn aṣọ rẹ. Ẹ máa bọ̀ níta lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra rìn."

Ẹ̀yìn ilé ló kó wa lọ, sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní ká bọ́ bàtà, ká bọ́ aṣọ, gbogbo rẹ̀, ó sì fi rọ́bà omi wẹ̀ wá láti orí dé ẹsẹ̀. Omi náà tutù débi pé eyín ń lu ara wọn. Lindsay ní, "Valda, ó ti pẹ́ tí obìnrin ti ní kí n bọ́ ṣòkòtò." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Valda ti ń kó aṣọ wa sínú ọ̀rá dúdú, ó ń fi omi wọ́n wọn kó tó dì wọ́n, ó ń ṣe é bí ẹni tó ti ń ṣe é nínú ọkàn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orí koríko, tí a fi búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bora, ló ti sọ ọ̀rọ̀ Clarrie fún wa, látìgbà pátákó títí dé orí ibùsùn ikú. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tó parí, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbínú ni mo sì fi sọ ọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo sọ fún ẹ. Mo ní kí o fi yàrá yẹn sílẹ̀."

"Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, n ò sọ ìdí rẹ̀." Ó jókòó lé ẹ̀yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó húkọ́, ó dúró kí ikọ́ náà kọjá. "Orúkọ òkú ni mo ń ṣọ́. Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, Nerida."

Lindsay ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé ẹ̀ẹ̀kan ò lè pa èèyàn. Valda ní ó lè má pa á lóòótọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ ló wà tó fà á símú lójoojúmọ́ tó sì darúgbó. Carys ń wò mí ní gbogbo àsìkò yẹn.

Valda fúnra rẹ̀ ló pe Jarrod, ó sì sọ ohun tó ti dákẹ́ lé lórí láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó wọ aṣọ funfun tó bò wọ́n látorí délẹ̀ wá, wọ́n fi ọ̀rá di yàrá náà, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó o lọ. Gbogbo ìlú ti wá mọ ohun tó pa Clarrie Kerrison, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé. Valda kó lọ sí Warragul láìdágbére ní ìjọ. Wọ́n ní wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán àyà rẹ̀ nítorí ikọ́ yẹn.

Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà Carys, ó ní kò sí ohun tí òun rí, kò sì ní sí ohun tí òun lè rí báyìí. Ó ní ewu rẹ̀ kéré. Mo ní kó sọ bó ṣe kéré tó, kò lè sọ. Ó ní ohun yìí máa ń fara pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, nígbà míì ogójì, kó tó jí, bí ó bá máa jí. Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Mo lè kú kí n má mọ̀ bóyá mo pa ọmọ mi.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé ọ̀wẹ̀ náà, pásítọ̀ tí kò tíì gbọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ ìfẹ́ nílé Arábìnrin Kerrison. Gbogbo ìjọ ní àmín. Tèmi ò jáde. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú wa, àti pé Ó mọ ohun tó wà nínú ògiri. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ àdúrà pẹ́. Bí n bá gbà pé kò sí níbẹ̀, ì bá rọrùn.

Ìwé kan wà tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn tó bá fa eruku yìí símú sí, kí ẹ̀rí lè wà bí ọjọ́ bá pẹ́. Carys ló rí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìdáná wa, ó ń tẹ ìdáhùn sí i: ọjọ́ wo, ilé wo, fún wákàtí mélòó. Ó dé ibi kan, ó dúró.

"Mọ́mì, wọ́n ń béèrè ẹni tó ní ká ṣiṣẹ́ náà."

Mo ní kó kọ orúkọ mi.

"Mo lè kọ orúkọ ìjọ."

"Ìjọ kọ́. Kọ Nerida Stroud síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Kò gbójú sókè. Mo máa ń sọ fún un nírú àkókò bẹ́ẹ̀ pé màá fi í sínú àdúrà. Lọ́jọ́ náà, n ò sọ ọ́. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìwé náà lè lọ, a sì jókòó níbẹ̀, èmi àti òun, títí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn.