Dò Kan Ṣoṣo Tí Mo Mọ̀

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ dùùrù, lórí irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí eku bá jẹ awọ rẹ̀, a ó fi awọ bàtà lẹ̀ ẹ́, ó parí.

Èyí tí mo bá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, iná ló ń lò, ó sì ní bọ́tìnì kan lójú gíláàsì rẹ̀ tó yọ mí nínú ìtìjú. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: dò kan ṣoṣo, ìyẹn ibì kan ṣoṣo tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ orin lórí dùùrù, ni mo mọ̀, àwọn kọ́kọ́rọ́ funfun nìkan ni mo sì ń tẹ̀. Bí ohùn orin bá ní láti gòkè tàbí kó wálẹ̀, bọ́tìnì yẹn ló ń bá mi gbé e. Mo ti to orin kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ibi tí ohùn rẹ̀ wà. Ìjọ rò pé ìmọ̀ mi ni. N kò bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá tó ń darí akọrin gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà tuntun ti jáde fún dùùrù yìí o. Ẹ jẹ́ ká kó o sí i."

"Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?"

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi!" Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró láìní ìwé ọkọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó gbójú sókè. "Gbogbo ohun tí ẹ tò síbẹ̀ máa parẹ́ o. Ṣé kí n kọ́kọ́ kó wọn pamọ́ fún yín?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò bi mí ní ohun tí mo ń fi wọ́n ṣe.

"Pa á rẹ́ jàre. Orí mi ni mo fi ń lu dùùrù."

Ọ̀gá olórin! Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ dò mi, ohùn lọ sókè réré. Àwọn ìyá àgbà lé e títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Mo fọwọ́ kan ibi tí bọ́tìnì mi wà tẹ́lẹ̀, ìlù ijó ló bẹ̀rẹ̀ sí dún. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá akọrin fi ẹnu dá orin náà, wọ́n sì kọ ọ́ parí láìsí èmi.

Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, a ò lè lé yín láé. Ẹ̀rọ náà ti lè lu orin fúnra rẹ̀ báyìí, wọ́n ti kó gbogbo orin inú ìwé wa sí i. Ẹ máa jókòó síbẹ̀, kí ẹ ṣáà máa bá wa tẹ̀ ẹ́."

Ì bá bú mi ni, ì bá sàn.

Ní báyìí, mo ń wọ kóòtù mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ̀rọ náà kì í ṣi orin lù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí o ti dé ṣọ́ọ̀ṣì yìí, o ò lù ú dáa tó báyìí rí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."